Gaiwan ni kí o kọ́kọ́ rà, fi ìkòkò amọ̀ sílẹ̀ ná

Àbúrò, o ní wọ́n fún ọ ní pu-erh, tíì ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ní ribiti kan, 357 giráàmù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní shou, o wá ń béèrè bóyá ìkòkò amọ̀ Yixing, ìlú kan ní Ṣáínà, ni kí o rà àbí gaiwan. Gaiwan ni. Abọ́ tánganran kékeré tó ní ọmọrí, èyí tó gba 100 sí 120 mìlílítà.

Ojú mi ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjà aṣọ ló gbé mi lọ sí Guangzhou, ni mo bá yà sí ọjà tíì tó wà ní Fangcun. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ògbógi gbé ìkòkò pupa kan síwájú mi. Ó ní zhuni gidi ni, ìyẹn amọ̀ pupa Yixing, ó ní ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n ní Yixing, ó tún ní irú rẹ̀ ni baba ńlá bàbá òun fi ń mu shou. Mo san 1,800 yuan. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ọdún 1973 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń wọ́n omi sí tíì, tí wọ́n á bò ó bí ẹni bo irú kó lè di shou, ní Kunming, ní ìpínlẹ̀ Yunnan. Baba ńlá wo?

Mo délé, mo da omi híhó sínú ìkòkò. Òórùn ọ̀dà gba gbogbo yàrá. Mo ní bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo sè é lẹ́ẹ̀kan, mo sè é lẹ́ẹ̀kejì, omi ń pọ́n bí ìgbà tí wọ́n po osùn sí i. Mo gbé e padà. Ògbógi ní èmi ni mi ò mọ tíì mu, ó ní kí n máa lò ó fún ọdún kan, amọ̀ náà á “mí”. Ọdún kan! Kí n máa mu ọ̀dà!

Tánganran kì í fa òórùn, kì í fi tirẹ̀ kún un. Tíì yẹn gan-an lo máa tọ́ wò. Amọ̀ Yixing tó jẹ́ ojúlówó dára o, ó ń mú ooru dúró, ó sì ń mú kí shou rọ̀ lẹ́nu. Àmọ́ ó ń fa òórùn, nítorí náà má fi po sheng, ìyẹn pu-erh tí wọn kò bò bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn shou, má sì jẹ́ kí ọṣẹ kàn án. Ìyàwó mi ti fi ọṣẹ fọ ìkejì tèmi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Gaiwan á jó ọ lọ́wọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ra èyí tí etí rẹ̀ nà síta, má sì bu omi dé etí.

Má fi ọ̀bẹ ìdáná fọ́ tíì náà o. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Irin ṣóńṣó ni kí o fi tú u láti ẹ̀gbẹ́.

Pípò rẹ̀ kò le: giráàmù mẹ́fà tàbí méje, omi híhó, da omi àkọ́kọ́ nù.

Bí ọkàn rẹ bá ṣì ń fà sí amọ̀ tó bá yá, wo ti ìlú Jianshui, Yunnan kan náà tí tíì rẹ ti wá ni. Ṣùgbọ́n kí o tó yọ owó, ní kí wọ́n da omi híhó sí i níwájú rẹ, kí o sì ki imú bọ̀ ọ́.