Ògì Lásán Kò Tó Ọmọ Oṣù Mẹ́jọ

Ọmọ mi tó kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní ọmọ rẹ ti pé oṣù 8, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò kúrò lójú kan láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ìyá ọkọ rẹ, tí ó ń bá ọ tọ́jú rẹ̀ bí o bá lọ síbi iṣẹ́, ń rọ ọ́ ní ògì láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọkọ rẹ sì ní oúnjẹ inú agolo nìkan ló lè gbé e dìde, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ti kọjá agbára yín. O wá bi mí bóyá oúnjẹ tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ sè lè tó o, àti bí o ṣe máa bá ìyá sọ ọ́ tí kò fi ní di ìjà.

Ó lè tó o, ọmọ mi. Kọ́kọ́ gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ yìí ná, nítorí ọmọ tí kò wúwo sí i fún oṣù méjì lè ní àìsàn lára.

Ògì kò ṣẹ̀ ẹ́. Omi inú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí a bá ti rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì sẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ èròjà aṣaralóore ti bá eèrí lọ, bí a bá sì tún pò ó ṣàn kí ó lè ṣeé rọ, omi ni yóò kún ikùn kékeré náà. Èròjà irin tí ọmọ gbé wáyé láti inú ìyá rẹ̀ pàápàá a máa tán lọ ní nǹkan bí oṣù 6, ọyàn nìkan kò sì lè dí àyè rẹ̀. Nítorí náà, ro ògì náà kí ó ki, tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣàn dànù bí o bá dá ṣíbí dẹ̀gbẹ́, kí o sì po ẹja gbígbẹ tí o ti yọ egungun rẹ̀ tí o sì lọ̀ kúnná mọ́ ọn, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, lo ẹyin tó jinná dáadáa tàbí ẹ̀pà lílọ̀ tí kò bu. Má fún un ní ẹ̀pà oníhóró, kí ó má baà há a lọ́fun. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní oyin kí ó tó pé ọdún kan, nítorí kòkòrò àìsàn kan wà tó lè wà nínú rẹ̀ tó léwu fún ọmọ ọwọ́.

Ilé Èkìtì ni ẹ wà, iṣu kò sì jìnnà sí yín. Kí ìyá tó da iṣu sínú odó lálẹ́, kí wọ́n mú ègé kan tó rọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, kí a fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́, kí a sì fi ẹ̀wà tó jinná dénúdénú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ gígé wẹ́wẹ́ àti epo díẹ̀ sí i. Kò nílò iyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni kí ó máa jẹun, pẹ̀lú ọyàn rẹ. Ìwọ̀nba tí ó lè jẹ tán ni kí o máa sè, má sì tọ́jú àjẹkù rẹ̀ dè é.

Ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ ni rírọ náà. Mo mọ bí ó ṣe ń rí: a ó gbé ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu, a ó máa da ògì sí i, ọmọ yóò sì máa gbé e mì bí ó ti ń sunkún tí ó sì ń wá èémí. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Gbé e jókòó, fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ, kí o sì dúró dè é títí yóò fi tún la ẹnu.

Ní ti ìyá, bí wọ́n ṣe tọ́ ọkọ rẹ dàgbà ni wọ́n ń ṣe, ìfẹ́ sì ni. Má fi ọ̀rọ̀ ìwé kò wọ́n lójú. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí òṣùwọ̀n, kí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rírọ náà láti ẹnu ẹlòmíràn. Bí ẹ bá dé ilé, kúnlẹ̀ kí o wí fún wọn pé: "Ẹ ṣeun, mà, ẹ bá mi lọ ẹja yìí kúnná, ọwọ́ yín ló mọ̀ ọ́n jù." Jẹ́ kí ó jẹ́ àwọn ni yóò fún un ní ṣíbí àkọ́kọ́.