Kí ẹ tó ra aago àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀

Arákùnrin wa tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún, tó ní òun fẹ́ ra aago ọwọ́ àtijọ́ kan fún bàbá òun tó ń pé ọmọ àádọ́rin ọdún, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì ju 250 pọ́n-ùn lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú. Owó yín tó ra ojúlówó. Iye tó fẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ náà ni mo fi ra ayédèrú lọ́dún 2016.

Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Peckham ni mo dé sí nígbà náà. Mo ń rìn kiri nínú ọjà kan ni mo rí aago Omega lórí àtẹ, tó ń dán gbinrin bíi pé àná ni wọ́n ṣe é. Ọkùnrin tó ń tà á ní ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1960. Mo ná an, mo ná an, ó gbà á ní 240 pọ́n-ùn. Inú mi dùn débi pé ọwọ́ mi ló wà títí tí mo fi sùn.

Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, aago bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo gbé e tọ ẹni tó ń bá mi tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀ lọ. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi awò rẹ̀ sójú, ó dákẹ́. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ Omega o." Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kò ní orúkọ kankan lára. Ojú aago náà, wọ́n tún un kùn ni, wọ́n sì tún orúkọ kọ lé e. Ó ní kí n wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀, lẹ́tà S àkọ́kọ́ ti wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé aago yẹn, lẹ́tà S yẹn ni ojú mi máa ń lọ bá.

Nítorí náà, aago tó bá ń dán jù ni kí ẹ fura sí. Èyí tó ti lo ọgọ́ta ọdún, àwọ̀ ojú rẹ̀ á ti ṣá díẹ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Bí irin ara rẹ̀ bá ti ha yánnayànna, tí ojú rẹ̀ wá mọ́ bí abọ́ tuntun, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ ra awò kékeré tí àwọn oníṣẹ́ góòlù ń lò, kò wọ́n, kí ẹ fi wo lẹ́tà orí rẹ̀. Etí lẹ́tà ti ilé iṣẹ́ máa ń mú. Ti àtúnkùn máa ń nípọn, yíǹkì rẹ̀ á sì ti tàn. Ẹ tún wo ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn: bí ti ọwọ́ aago bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ti ojú aago sì funfun báláú, kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n kùn wọ́n. (Ọ̀dà yẹn lára ọ̀pọ̀ aago tó ṣáájú ọdún 1960, radium ni, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde. Ó lè má tàn mọ́, àmọ́ agbára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, torí ó ń gba 1,600 ọdún kó tó dín sí ìdajì. Ẹ má ha á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ eruku inú rẹ̀ sí yín lójú.)

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n ṣí i. Ẹni tó ń fi aago ṣòwò kì í wá sọ́jà láìmú irinṣẹ́ tó fi ń ṣí ẹ̀yìn aago lọ́wọ́. Bó bá ní òun ò mú un wá, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ. Bó bá jẹ́ Omega, orúkọ tó wà lójú aago ló yẹ kí ẹ bá lára ẹ́ńjìnnì. Ohun kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú: ẹ lè ṣí Omega kí ẹ rí orúkọ Dennison nínú ìdérí rẹ̀. Ẹ má sá o. Ilé iṣẹ́ ní Birmingham ni, àwọn ló ń ṣe ara aago fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Switzerland. Èmi ti kọ irú rẹ̀ kan sílẹ̀ rí nítorí àìmọ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Bí ọjọ́ Ẹtì bá bọ́ sínú ọjọ́ márùn-ún yín, ọjà Bermondsey ni kí ẹ lọ. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n ń ná an, láti aago mẹ́fà àárọ̀. Láti Peckham, bọ́ọ̀sì 78 á gbé yín dé Tower Bridge Road. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí ẹ sì tètè dé, torí àwọn oníṣòwò fúnra wọn ló ń kọ́kọ́ rajà níbẹ̀. Títí di oṣù kìíní ọdún 1995, òfin àtijọ́ kan wà: ohun tí èèyàn bá rà ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ láàárín ìgbà tí oòrùn yọ sí ìgbà tó wọ̀, láìmọ̀ pé wọ́n jí i ni, tirẹ̀ ni, olóhun ò lè gbà á mọ́. Wọ́n ti fagi lé òfin yẹn, nítorí náà ẹ gba rísíìtì. Portobello Road náà wà ní ọjọ́ Sátidé, àmọ́ èrò ibẹ̀ pọ̀, àwọn tó ń ṣe afẹ́ ló pọ̀ jù, owó sì máa ń ga.

Fún bàbá, èmi ò ní wá Omega rárá. Smiths ni mo máa wá, aago tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Òun ni Edmund Hillary mú gun òkè Everest lọ́dún 1953, aago náà gan-an sì wà ní Clockmakers' Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé aago tó wà nínú Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà, kí ojú yín lè mọ bí ojúlówó ṣe rí.

Lọ́dún 2019 ni mo ra tèmi ní Bermondsey, 160 pọ́n-ùn, góòlù. Mo wo àmì inú ìdérí rẹ̀ kí n tó sanwó: 375, ìyẹn góòlù kárátì mẹ́sàn-án, àti ìdákọ̀ró, tí í ṣe àmì Birmingham. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Bó bá jẹ́ "20 microns" tàbí "rolled gold" lẹ rí, góòlù fífẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó, ẹ má sanwó góòlù. Ohun tó jẹ́ kí owó tèmi wálẹ̀ ni ìkọ̀wé ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n fún ní aago náà lẹ́yìn ọdún 25 lẹ́nu iṣẹ́, 1958. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ò fẹ́ orúkọ ẹlòmíì lẹ́yìn aago wọn. Èmi fẹ́ ẹ. Ẹni yẹn ṣiṣẹ́ fún un.

Ẹ má retí pé wọ́n á dá owó orí ọjà padà fún yín ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ti dá ìyẹn dúró fún àlejò láti oṣù kìíní ọdún 2021. Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún fífọ inú rẹ̀ àti òróró tuntun, torí aago tó ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀, òróró inú rẹ̀ á ti gbẹ. Kí omi má sì kàn án rárá, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá mi ló ń lo Smiths náà báyìí. Inú fìlà wọn ni wọ́n máa ń bọ́ ọ sí kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá.