Ẹ Bi Ọ̀gá Mẹ́káníìkì: Ṣé kí n gbé Hilux mi sókè ni, àbí kí n pààrọ̀ táyà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Kòkó ni mo ń rà. Aládé-Ìdànrè ni mò ń gbé, mo sì máa ń wọ àwọn abúlé inú oko lọ kó kòkó jáde sí títì. Hilux 2012 ni ọkọ̀ mi, onílẹ̀kùn mẹ́rin, èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo há sínú ẹrẹ̀. Ìgbà kan wà tí ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú àpò kòkó mẹ́wàá lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan ní Àkúrẹ́ ní kí n jẹ́ kí àwọn gbé ọkọ̀ náà sókè ní íǹṣì mẹ́rin, kí àwọn sì wọ táyà 33 (èyí tó ga ní bí íǹṣì 33) fún un. Wọ́n ní àwọn á ki irin bọ abẹ́ sípíríngì ẹ̀yìn, àwọn á fi súpésà, ìyẹn irin tí wọ́n ń fi gbé e ga, lé orí tiwájú, n kò sì ní há mọ́ láéláé. Ọkọ mi ní kí n kọ́kọ́ bi yín ná. 265/65R17 ni táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí, irú èyí tí wọ́n ń lò lójú títì. Ìyá Oníkòkó, Aládé-Ìdànrè.

ÌDÁHÙN: Ìyá Oníkòkó, ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Ẹ bá mi kí bàálé yín, wọ́n ṣeun tí wọ́n dá yín dúró.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí àwọn ọmọkùnrin yẹn ti bi yín. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ há, ṣé ikùn ọkọ̀ ló jókòó sílẹ̀ ni, àbí táyà ló ń yí lójú kan tí kò rí nǹkan mú? Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, oògùn wọn sì yàtọ̀. Ẹ ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n táyà tí ẹ dárúkọ ti sọ ọ́ fún mi. Mo mọ ọ̀nà oko Ìdànrè. Mo ti lọ fa ọkọ̀ àwọn oníbàárà mi yọ níbẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Yangí lẹ máa rí lókè, ẹ ó rò pé ilẹ̀ le. Bí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti lù ú dáadáa, amọ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ á yọjú, á sì máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Eyín táyà títì kò jìn, àlàfo àárín eyín náà kò sì fẹ̀. Kó tó yí lẹ́ẹ̀mẹta, amọ̀ ti di gbogbo rẹ̀ pa, ara rẹ̀ ti ń dán. Bí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè ní íǹṣì mẹ́wàá, ibẹ̀ náà ni yóò dúró sí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yín láti ẹ̀yìn. Ẹ ó rí irin ńlá kan láàárín táyà méjèèjì, ó rí roboto bí ìkòkò kékeré. Dífù nìyẹn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ bí ọkọ̀ àwọn agégẹdú bá ti gbẹ́ ipa jíjìn sójú ọ̀nà. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè ní íǹṣì mẹ́rin, dífù kò ní kúrò níbi tó wà rárá, nítorí orí táyà ló dúró lé, kì í ṣe orí sípíríngì. Táyà nìkan ló lè gbé e kúrò nílẹ̀.

Wàyí o, èló ni táyà ńlá ń fi kún un? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 265/65R17 yín ga ní nǹkan bíi mìlímítà 776 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. 265/70R17 jẹ́ 803. 285/70R17, tí àwọn ọmọkùnrin yẹn ń pè ní 33, jẹ́ 831. Ìdajì ohun tó fi ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló ń dé abẹ́ dífù, torí àárín táyà ni áàsìlì, ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀, wà. Ìyẹn ni pé 265/70 á fún yín ní mìlímítà 13, táyà 33 tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ á fún yín ní 27, tó fi díẹ̀ péré ju íǹṣì kan lọ. Nítorí íǹṣì kan yẹn, wọ́n á gé fẹ́ńdà yín, ọkọ̀ á wúwo lẹ́sẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè, bíréékì á sì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe kó tó dúró. Mítà iwájú yín náà á máa purọ́: bí ó bá ń júwe 100, 107 lẹ ń sá.

Kí wá ni gbígbé sókè wúlò fún? Ó ń ṣe ààyè fún táyà kó má baà máa ha fẹ́ńdà, ó sì ń gbé ikùn ọkọ̀ àti bọ́ńpà kúrò lọ́nà kùkùté. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n íǹṣì kan ààbọ̀ sí méjì tó fún iṣẹ́ yẹn lára Hilux yín, mi ò sì ní gbà kó ju méjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra Hilux 1999 kan ní tókúnbọ̀. Irú ìyẹn kò ní sípíríngì tí irin rẹ̀ lọ́ roboto níwájú bíi tiyín. Ọ̀pá irin gígùn méjì tó ń lọ́ra ló gbé e dúró, bóòtù kan sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí èèyàn lè yí láti fi gbé e sókè láì ra nǹkan kan. Mo yí i títí iwájú fi ga ní nǹkan bí íǹṣì mẹ́ta. Ó wù mí, ó wu àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, à ń lọ síbi òkú kan ní Oǹdó, a kù díẹ̀ ká dé Bọ́lọ́rundúró, mo yí ọwọ́ sí ọ̀tún, mo gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́. Rọ́bà tó bo jọ́ìntì sháàfù, ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú, ti ya lápá méjèèjì, gíríìsì ti dà nù, iyanrìn ti wọ inú irin. Ìyàwó mi àti ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn fún wákàtí mẹ́ta. Sháàfù kò fẹ́ kí a tẹ òun kọjá ibi tí wọ́n ṣe òun mọ. Bí iwájú bá ga jù, rọ́bà rẹ̀ á ká pọ̀ lápá kan, á máa ha ara rẹ̀ títí yóò fi ya. Súpésà íǹṣì mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ fi lé iwájú ọkọ̀ yín, ohun tó máa ṣe fún sháàfù yín nìyẹn.

Ti irin abẹ́ sípíríngì ẹ̀yìn ló bà mí lẹ́rù jù, ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹrù. Àpò kòkó mẹ́rìndínlógún ló ń ṣe tọ́ọ̀nù kan, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àpò mẹ́wàá yín kò dín ní kìlógíráàmù 600, ká tó ka èèyàn mọ́ ọn. Bí irin bá wà láàárín áàsìlì àti sípíríngì, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ iná tàbí bíréékì ni áàsìlì á máa fẹ́ yí síwá sẹ́yìn. Bóòtù á dẹ̀, sípíríngì á ṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ní àpótí irin ni òun fẹ́ jó pọ̀ fún yín lọ́dọ̀ wẹ́dà, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Sípíríngì tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Ti ọkọ̀ yín ti gbé ẹrù láti 2012, ó dájú pé ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ní ìtẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn á gòkè fúnra rẹ̀, ẹ ò ní nílò irin kankan. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé òfìfo lẹ ń lọ, ẹrù lẹ ń kó bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó ta èyí tó le jù fún yín, torí bí ọkọ̀ bá ṣófo, yóò máa fò bí tata, táyà á máa kúrò nílẹ̀, ẹ ó sì tún há. Kẹ́ ẹ ra ṣọ́ọ̀kì tó gùn tó o pẹ̀lú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ á kúrú jù.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń gbé ọkọ̀ sókè kì í sábà wò. Lábẹ́ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ Hilux, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so áàsìlì mọ́ fáàfù bíréékì. Fáàfù yìí ń wo bí ẹ̀yìn ṣe tẹ̀ wálẹ̀ tó, ìyẹn ló fi ń mọ bí ẹrù ṣe pọ̀ tó, kó lè mọ agbára tí yóò fún bíréékì ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn bá ga sókè tí wọn ò tún irin yẹn tò, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo. Á dín bíréékì ẹ̀yìn kù nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú àpò mẹ́wàá. Ẹ dákun, ẹ dúró ti mẹ́káníìkì yín títí yóò fi tò ó lójú yín. Kó wo rọ́bà bíréékì bóyá ó gùn tó, kó tẹ orí iná iwájú wálẹ̀ kó má baà máa fọ́ ojú àwọn ẹlòmíràn lálẹ́, kí wọ́n sì ṣe aláìnmẹ́ǹtì. Bí ẹ bá rìn tó kìlómítà 500, kẹ́ ẹ padà lọ kí wọ́n tún gbogbo bóòtù fún.

Táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra o, kẹ́ ẹ tó ra sípíríngì. 265/70R17, èyí tí wọ́n kọ A/T (táyà tó wà fún títì àti oko) àti LT (táyà ọkọ̀ ẹlẹ́rù) sí lára, tó jẹ́ 10 ply, ìyẹn èyí tó lágbára fún ẹrù. M/T, táyà ẹrẹ̀ gan-an, mú ẹrẹ̀ jù ú lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ tún ń gba títì lọ sí Àkúrẹ́. Ó ń pariwo, ó ń tètè jẹ, ó sì ń yọ̀ lórí ọ̀dà tí òjò pa. Márùn-ún ni kẹ́ ẹ rà, kí èyí tó wà fún ìpamọ́ bá àwọn yòókù mu, torí táyà tó yàtọ̀ síra máa ń ba jíà ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà jẹ́. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fún táyà mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti fẹ́ wọ oko ní òfìfo, ẹ sọ afẹ́fẹ́ di 20 lórí géèjì. Táyà á tẹ́, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tó fẹ̀ lé ilẹ̀. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, kó má lọ sílẹ̀ ju 25 lọ, ẹ má sì sáré. Bí ẹ bá dé títì, ẹ fún un padà kẹ́ ẹ tó tẹ iná. Ẹ kọ́kọ́ lo ọdún kòkó kan pẹ̀lú táyà yìí ná. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní nílò ju sípíríngì ẹ̀yìn lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, mo rí táyà A/T tókúnbọ̀ mẹ́rin ní Oǹdó níbí, eyín rẹ̀ ṣì ga. Ṣé kí n rà á? Ọmọ Ẹkùn, Oǹdó.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má wo eyín nìkan. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀, kó o wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 1416 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2016. Èmi kì í fi táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà sábẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́rù, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó, torí rọ́bà ń gbẹ kódà bí a kò bá lò ó. Tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, wò ó bóyá ó ń sán wẹ́wẹ́. Ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ pẹ̀lú, kó o fi ọwọ́ pa á káàkiri. Bí ọwọ́ rẹ bá kan ibi tí wọ́n lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, dá a padà fún un.