Dáyápà fa omi mu tán lórí tábìlì, kí ló dé tó ń jò lálẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo da omi sínú ọ̀kan nínú dáyápà ọmọ mi, ó fà á mu pátá, kò kán rárá. Àmọ́ tó bá wọ irú ẹ̀ sùn, ilẹ̀ ò ní mọ́ tí bẹ́ẹ̀dì á fi tutù rinrin. Ṣé fèrú ni? Báwo la ṣe lè mọ èyí tó máa gbà á? – Ìyá Ọmọ

ÌDÁHÙN: Ìyá Ọmọ, kì í ṣe fèrú dandan o, omi lásán tẹ́ ẹ fi dán an wò ló tàn yín jẹ. Tẹ́ ẹ bá fa dáyápà yẹn ya, ẹ máa rí hóró funfun wínníwínní láàárín òwú ẹ̀, sodium polyacrylate nìyẹn, òun ló ń gba omi sára tó fi ń di jẹ́ẹ̀lì. Tómi ò bá níyọ̀ rárá, ó lè gbà ju ìlọ́po 100 ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ, àmọ́ ìtọ̀ níyọ̀ nínú, iyọ̀ yẹn ló sì ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó máa gbà á wá já wálẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn táwọn ará láàbù fi ń lo omi iyọ̀ 0.9% láti dán dáyápà wò, ìyẹn iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà kan.

Ọmọ tún wá sùn lé e lórí. Táwọn hóró yẹn bá wú, wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra kí wọ́n dínà mọ́ ìtọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, á wá gba ẹ̀gbẹ́ itan jáde nígbà tí ẹ̀yìn dáyápà ṣì gbẹ táútáú. Ìlànà ISO 11948-1 (ìlànà àjọ àgbáyé kan) tí wọ́n fi ń wọn bí páàdì ìtọ̀ àwọn àgbàlagbà ṣe ń gba omi tó, ṣe ni wọ́n ń ri odindi ẹ̀ sínú omi iyọ̀, ta ló ń tọ̀ báyẹn? Torí ẹ̀ lèmi kì í fi í ka iye mílílítà ara páálí sí.

Ẹ po omi iyọ̀ yẹn, ẹ dà á sójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ máa sinmi bí ìṣẹ́jú 10 láàárín, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó wọlé. Tó bá ń pẹ́ sí i gan-an lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fura sí i. Ẹ wá tẹ́ tíṣù gbígbẹ tẹ́ ẹ ti wọ̀n sórí ẹ̀, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e díẹ̀, ẹ tún tíṣù yẹn wọ̀n, ohun tó bá fi lé, òun ni omi tó ń padà sí ìdí ọmọ. Ẹ ṣe bákan náà fún oríṣi míì kẹ́ ẹ fi wéra.

Ẹ wo rọ́bà ẹ̀gbẹ́ itan náà o, tó bá ti ká sínú, èyí tó ń fà jù gan-an á jò.