Má tíì kọ lucidum sílẹ̀

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. O ní olú líle kan hù lára kùkùté máńgòrò ní Ìlọrin, DNA rẹ̀ bá ti Ganoderma lucidum, irú kan nínú ẹ̀yà olú tí wọ́n ń pè ní Ganoderma, mu ní ìdá 97 nínú 100, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ tinú ìwé. Èwo ni kí o gbà gbọ́? Má tíì kọ lucidum sílẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Lára igi igbá kan tó ti kú lọ́nà Òmù-Àrán ni mo ti ká olú mọ́kànlá. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo so ó lẹ́nu pinpin. Iná ò sí nílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo tú ọ̀rá, ó ti làágùn nínú, nǹkan funfun bí òwú ti bo abẹ́ olú, ó sì ti ń di àwọ̀ ewé láwọn ibì kan. Mo fi aṣọ nù ún, mo sá a sóòrùn, mo rò pé ó ti tán. Mo sanwó, mo fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò DNA. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ilé àyẹ̀wò náà fi ń sọ fún mi pé ó ń bọ̀. Nígbà tó dé, mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá ni wọ́n pè ní Trichoderma! Ohun tó bu sí olú mi lára ni wọ́n kà, wọn ò ka olú. Ganoderma ni mo kọ sára gbogbo ìdì náà, ẹni tó tẹ èsì jáde rí i, kò bi mí ní nǹkan kan. Owó ti wọlé. Inú ṣì ń bí mi.

Nítorí náà, àpò pépà ni kí o kó o sí. Jẹ́ kó gbẹ lọ́jọ́ náà, kí ooru má ju 45°C lọ. Fọ́ ọ, kí o mú ìwọ̀n hóró ìrẹsì láti inú ẹran rẹ̀, má mú èèpo. Má jẹ́ kí fọ́málíìnì kàn án, ó ń ba DNA jẹ́. Ẹni tó sì ní kí o sè é mu fún ìtọ̀ ṣúgà, má dá a lóhùn, ìwọ fúnra rẹ ò tíì mọ ohun tó jẹ́.

Ti maikirosíkóópù, o mọ̀ ọ́n: gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kán KOH, omi kẹ́míkà yẹn, sí i, wọn spore, ìyẹn hóró wẹ́wẹ́ tí olú fi ń bí sí i. Ti Ganoderma dà bí ẹyin tí wọ́n gé lórí, èèpo méjì, ọ̀pá wẹ́wẹ́ láàárín. Bí o bá rí ìyẹn, Ganoderma ni. Irú èyí tó jẹ́ ló kù.

Lucidum ńkọ́? Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni William Curtis, onímọ̀ ewéko, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1781. Lẹ́yìn rẹ̀, olú yòówù tó bá ń dán bí ẹni fi fáníṣì kùn ún, ní Áfíríkà ni o, ní Éṣíà ni o, lucidum ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fi DNA sínú GenBank, ibi ìkó-DNA-pamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń sọ ọ́ lórúkọ, àṣìṣe rẹ̀ sì ni BLAST, ètò tó ń fi DNA rẹ wé tibẹ̀, ń kà fún ọ. Ìdá 97 kò tó búra. Bí ojú àti ITS, apá DNA tí wọ́n sábà máa ń kà fún olú, bá ń jà, tún ITS ṣe láti inú ẹran olú kan náà, kí o fi TEF1 àti RPB2, apá DNA méjì mìíràn, kún un. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, kọ Ganoderma sp., ìyẹn Ganoderma tí a kò tíì mọ irú rẹ̀, bí ọ̀gá rẹ tilẹ̀ fajú ro.

Má da olú tó ṣẹ́kù nù. Èmi da tèmi nù. Nígbà tí mo padà lọ lọ́dún kejì, wọ́n ti fi igi igbá náà ṣe èédú.