Ẹni tó fẹ́ di ọ̀gá láàárín àwọn panápaná, kọ́ọ̀sì wo ló yẹ kó lọ?

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́, pé wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe olórí ṣíìfù ní ìbùdó yín níbí ní Àbújá, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì àwọn ọ̀gá ní ilé-ẹ̀kọ́ panápaná ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Sheda. O wá ń rò ó pé ẹni tó ti ń di họ́ọ̀sì mú láti ọdún pípẹ́, kí ló tún kù tó fẹ́ lọ kọ́ ní kíláàsì? O tún bèèrè bóyá kí o kúkú fowó ra kọ́ọ̀sì òkè òkun tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlú yìí náà ni èmi ti ṣiṣẹ́ yìí títí mo fi dẹni tó ń darí, ohun tí ojú mi rí ni màá sọ fún ọ.

Lọ sí Sheda. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àyè yẹn mọ́ ọ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí o ti ń ṣe bọ̀ àti èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí, aṣọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Nígbà tí o wà nídìí họ́ọ̀sì, iná tó wà níwájú rẹ ni iṣẹ́ rẹ. Tí o bá di ọ̀gá, àwọn èèyàn tí o kò rí ni iṣẹ́ rẹ: àwọn tó wọlé, àwọn tó wà lẹ́yìn ilé, ẹni tó lọ wá omi. Ọwọ́ ẹni tó ti ń paná tipẹ́ kì í sì gbé jẹ́ẹ́. Mo ti ṣiṣẹ́ rí lábẹ́ ọ̀gá kan, ọkùnrin tó láyà, tí gbogbo wa fẹ́ràn. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń dúró báyìí ni yóò ti já họ́ọ̀sì gbà. Lọ́jọ́ kan, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ń jó, àwa mélòó kan ti gba iwájú wọlé. Ọkọ̀ kejì dé, àwọn yẹn gba ẹ̀yìn, wọ́n ṣí omi wọnú fèrèsé. Gbogbo èéfín àti ooru tó ń wá ọ̀nà jáde lọ́dọ̀ wọn ni omi yẹn tì padà lé wa lórí. Àyà la fi wọ́ jáde. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n etí ọ̀kan nínú wa bó. Ọ̀gá wa wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń tú omi sórí òrùlé, kò wá sí ẹnì kankan níta tí ì bá sọ fún àwọn ará ẹ̀yìn pé èèyàn wà nínú ilé.

Kọ́ọ̀sì tó dára ni yóò gba họ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́ rẹ. Èyí tó là mí lójú jù lọ, yàrá kékeré kan ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n fi mí síbẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fún mi ní wọkitọ́kì kan, pátákó funfun kan àti mákà. Ní yàrá kejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró ti àwòrán ilé kan tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, olùkọ́ sì ń sọ fún wọn ibi tí iná dé. Èmi ò rí nǹkan kan. Ohun tí wọ́n bá sọ lórí rédíò nìkan ni mo mọ̀. "Níbo lẹ wà? Kí lẹ rí? Afẹ́fẹ́ yín kù mélòó?" Ohun tí mò ń bi wọ́n léraléra nìyẹn, tí mo ń kọ ìdáhùn síwájú orúkọ kálukú pẹ̀lú aago. Nígbà tó yá, olùkọ́ lọ yọ́ sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé kó dákẹ́. Ó ní kí àwọn yòókù máa pariwo: omi ń tán, òrùlé ń ya, ẹ fi èèyàn kún wa. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá màá gbọ́ ẹni tó dákẹ́ láàárín ariwo. Ara pátákó ni mo ti rí i, nítorí àyè iwájú orúkọ rẹ̀ ti ṣófo jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ṣe é lọ́jọ́ náà ni kò rí i rárá títí olùkọ́ fi ní ó tó. Kò sí iná gidi kan tó lè kọ́ ọ ní èyí láìjẹ́ pé èèyàn fara gbá.

Wọ́n tún kọ́ wa ní ìṣirò afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ. Gbogbo wa là ń gbé sílíńdà pọ̀n, ẹni mélòó ló ń ṣírò ohun tó wà nínú rẹ̀? Sílíńdà lítà 6 tó kún dé 300 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn bí wọ́n ṣe ki afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ tó nínú rẹ̀) ní afẹ́fẹ́ bíi lítà 1,800. Fèrè ìkìlọ̀ á máa fọn ní nǹkan bíi 55 bar, ìyẹn ni pé bíi lítà 330 wà níbẹ̀ tí o kò gbọdọ̀ kà mọ́ iṣẹ́. Ó ku 1,470. Ìṣirò inú ìwé sábà máa ń lo lítà 40 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn á fún ọ ní bíi ìṣẹ́jú 36. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ́ họ́ọ̀sì gun àtẹ̀gùn nínú ooru lè máa fa lítà 60, ó di ìṣẹ́jú 24. Wá mú sílíńdà tí kò kún ju 200 bar lọ, irú èyí tí ìwọ àti èmi mọ̀ dáadáa, fi ṣe ìṣirò kan náà: kò pé ìṣẹ́jú 15, àti àlọ àti àbọ̀. Ọ̀gá tí kò kọ aago tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọlé sílẹ̀ ń fi ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́.

Ní ti ìrírí rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà, Gary Klein, tó fọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀gá panápaná lẹ́nu wò ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn láti mọ bí wọ́n ṣe ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí iná ń jó lọ. Ó rí i pé wọn kì í sábà to ọ̀nà méjì mẹ́ta sílẹ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti rí iná náà ni ọkàn wọn á gbé èyí tó jọ ọ́ tí wọ́n ti pa rí jáde, ohun tó ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ni wọn á gbà lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀ pákó ní Nyanya, ilé ilẹ̀ ní Kubwa, iná ìgbẹ́ nígbà ọyẹ́, gbogbo wọn ti wà lórí rẹ. Ilé gíga tó wà ní Central Area ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé gíga kan tó ń jẹ́ Grenfell Tower jó ní Lọ́ńdọ̀nù, èèyàn 72 kú. Àwọn tó kọ́kọ́ darí iṣẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná lẹ́nu iṣẹ́ panápaná. Ìgbìmọ̀ ìwádìí gbé ìjábọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá 2019, wọ́n ní ìrírí wà lára wọn, ṣùgbọ́n a kò kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti kó gbogbo ará ilé jáde, dípò kí wọ́n máa sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró sínú yàrá. Ìdí tí mo fi ní kí o lọ gan-an nìyí. Inú kíláàsì ni wàá ti pàdé iná tí ojú rẹ kò tíì rí.

Wàá tún gbọ́ nípa ètò ìdarí tí wọ́n ń pè ní ICS. Iná ìgbẹ́ tó jó California lọ́dún 1970 ló bí i: àwọn panápaná wá láti ibi púpọ̀, kálukú pẹ̀lú rédíò tirẹ̀ àti èdè iṣẹ́ tirẹ̀, wọn ò sì lè bára wọn ṣiṣẹ́. Ètò náà ní ẹnì kan ni kó máa darí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo èèyàn ni kí wọ́n máa sọ lórí rédíò, ó sì dára kí ọ̀gá kan má sábà ní ju bíi èèyàn 7 tó ń jíṣẹ́ fún un tààrà, 5 ló dára jù. Fi wé ọ̀nà Lokoja lọ́jọ́ tí tánkà bá ṣubú: panápaná ìjọba àpapọ̀, panápaná FCT, Road Safety, Civil Defence, NEMA, ọlọ́pàá, sójà, oníkálukú pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ bèèrè, "Ta ló ń darí níbí?" Tí kò bá sí ẹni tó dáhùn, sọ ọ́ lórí rédíò pé ìwọ ni, títí ẹni tó jù ọ́ lọ yóò fi dé.

Ọ̀rọ̀ tánkà yìí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2025, ní oríta Dikko lẹ́bàá Suleja, tánkà bẹntiróòlù ṣubú, àwọn èèyàn ń gbọ́n epo, iná sọ, ó lé ní 80 tó kú. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, ní oṣù kẹwàá 2024, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, ó lé ní 140. Ẹni tó wà nídìí họ́ọ̀sì á máa ro fóòmù tí wọ́n fi ń pa iná epo. Kí iná tó sọ ni iṣẹ́ tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gáàsì tó ń tú jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú gọ́tà àti ibi tó rẹlẹ̀ ló máa ń gbà lọ, nítorí náà orí òkè ni kí ọkọ̀ yín dúró sí, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín. Jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà, ẹni tó ń dáná àkàrà lẹ́bàá títì, kí gbogbo wọn kúrò. Àwọn èrò wá ńkọ́? Mo wà níbi ọ̀kan tí àwọn ọmọ wa pariwo títí ohùn fi há, kẹ́ẹ̀gì ṣì ń wọlé. Bàbá kan tó jẹ́ mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò náà, lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, ó ní "Ku bar wurin nan!" (ẹ kúrò níbí) lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń pe àwọn kan lórúkọ. Wọ́n kúrò. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà fóònù gbogbo mai unguwa tó wà lágbègbè wa wà lára ògiri ìbùdó. Bí o kò bá tíì gbọ́ Hausa dáadáa, bẹ̀rẹ̀ lónìí. "Akwai mutum a ciki?" (ṣé èèyàn wà nínú ilé?) ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wàá máa bi àwọn aládùúgbò ní ọ̀pọ̀ iná ní ìlú yìí.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí nínú ìwé kankan, àwa ọmọ Yorùbá ló sì máa ń dà láàmú jù. Àwọn kan tó wà lábẹ́ rẹ á jù ọ́ lọ fíìfíì. Ọkùnrin tí o ti ń pè ní Bàbá látìgbà tí o ti wọṣẹ́, báwo lo ṣe fẹ́ pàṣẹ fún un? Bí o bá bẹ̀rẹ̀ "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bóyá kí ẹ kúkú máa bọ̀ níta" lórí rédíò, òrùlé ò ní dúró dè yín. Kí ọjọ́ iná tó dé ni mo ti jókòó ti àwọn tèmi. Mo ní nínú ìbùdó, màá máa dọ̀bálẹ̀ kí wọn bí mo ti ń ṣe. Láti ìgbà tí agogo bá ti dún títí a ó fi padà, kò sí Bàbá, kò sí àbúrò, nọ́ńbà kálukú ni màá máa pè, ọ̀rọ̀ mi á sì kúrú. Àgbà inú wọn ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó ní ó dára. Òun gan-an ló ń kọ́kọ́ jáde báyìí tí mo bá ti ní kí wọ́n jáde, àwọn ọ̀dọ́ á sì tẹ̀ lé e.

Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò burú fún kíkà, ṣùgbọ́n má sanwó ńlá lórí èyí tí gbogbo ìdánwò rẹ̀ jẹ́ "mú A, B tàbí C". Ọ̀pọ̀ wọn ló gbà pé omi wà nínú páìpù ní gbogbo ìkòríta. Tìrẹ, ibi tí omi wà ni kí o kọ́kọ́ mọ̀: bohó-hóòlù ta ló lágbára, onítánkà omi wo ló máa ń gbé fóònù lóru. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí o rán àwọn ọmọ rẹ yí àdúgbò po kí wọ́n lọ kọ ọ́ wá.

Tí o bá dé Sheda, bá olùkọ́ yín sọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ kí o ṣe eré inú yàrá yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Màá fi fọ́tò pátákó orúkọ àti aago tí a ń lò ní ìbùdó wa ránṣẹ́ sí ọ. Páálí, mákà àti aago ògiri kan ni, ẹ lè ṣe tiyín ní ọ̀sán ọjọ́ kan.