Kóró àsùnwọ̀n òyìnbó tí mo gbìn kò hù, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ewé àsùnwọ̀n òyìnbó ni ìyá wa àgbà máa ń já fún wa bí làpálàpá bá mú wa. Etí odò tí wọ́n ti ń já a, wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Mo ṣa kóró rẹ̀ lẹ́bàá títì, mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé mi n'Íbàdàn. Ó ti lé lóṣù kan, ẹyọ kan kò yọjú. Àbí igi inú igbó kì í gbà kí a gbìn ín sílé ni?

Ìdáhùn: Ó ń gbà, ó tilẹ̀ ń gbà dáadáa. Kóró yín kò kú, omi ni kò ráyè wọ inú rẹ̀. Èèpo rẹ̀ le gan-an, òjò lè máa rọ̀ lé e títí kó má rin. Nínú igbó, oòrùn àti ọjọ́ pípẹ́ ló ń bá a ha èèpo náà díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kóró kan fi ń hù lọ́dún yìí tí èkejì rẹ̀ yóò di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jọ hù ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ ha á.

Sáńpépà ni èmi fẹ́ràn jù. Ẹ fi ha ẹ̀gbẹ́ kan kóró náà títí àwọ̀ abẹ́ èèpo yóò fi hàn. Ẹ má ha ibi tó ṣe ṣóńṣó, ibẹ̀ ni ohun tó máa yọ wà. Bí kóró bá pọ̀, ẹ se omi, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ híhó kí ẹ tó dà á lé wọn lórí, kí wọ́n wà nínú rẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú ti mu omi nìyẹn. Ẹ tún un ṣe fún èyí tí kò wú. Ṣùgbọ́n ẹ má se kóró lórí iná o, ẹ ó pa á ni.

Ẹ gbìn wọ́n sínú ọ̀rá tí ẹ po ilẹ̀dú àti yanrìn sí, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí wọn. Bí wọ́n bá ti ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí òjò sì ti fìdí múlẹ̀, ẹ lọ́ wọn sílẹ̀. Ibi tí oòrùn ti ń ràn gbangba ni kẹ́ ẹ yàn. Lábẹ́ mọ́ńgórò, yóò kàn máa ga tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹ fi mítà 2 sáàárín wọn, nítorí ó máa ń ga tó mítà 3 sí 4, ó sì máa ń gbòòrò. Ó fẹ́ràn omi, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé torí pé ó bá ẹ̀wà àti ẹ̀pà tan, yóò máa fún ilẹ̀ lóúnjẹ bíi tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í ní kókó kéékèèké tí ẹ ń rí lára gbòǹgbò ẹ̀pà. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ló máa jẹ.

Nígbà tó bá yọ òdòdó, tó nà ró ní àwọ̀ ìyeyè bí àbẹ́là, ẹ wo èso rẹ̀. Ti àsùnwọ̀n òyìnbó ní ìyẹ́ mẹ́rin ní gígùn. Ti àsùnwọ̀n ilẹ̀ wa pẹlẹbẹ ni, kò níyẹ̀ẹ́. Ẹ gé èso náà kó tó gbẹ tó là, àfi bí ẹ bá fẹ́ kó gba gbogbo àdúgbò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdá gé igi náà dé orúnkún. Bí ẹ bá ń ṣàánú rẹ̀, ìdí rẹ̀ á pá, ewé á sì wà lókè níbi tọ́wọ́ yín kò lè dé. Ewé lẹ sì ń tìtorí ẹ̀ gbìn ín.

Bí kòkòrò bá ń jẹ ewé, ọmọ labalábá ni. Ẹ fọwọ́ ṣà wọ́n. Ẹ má fín oògùn kòkòrò sí ewé tí ẹ máa fi para.

Ní ti làpálàpá, ìyá yín àgbà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní Philippines, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní akapulko, ó wà lára ewé mẹ́wàá tí ilé iṣẹ́ ètò ìlera wọn fọwọ́ sí, fún àrùn ara kan náà. Ewé tútù ni kẹ́ ẹ gún, kí ẹ fi pa ojú ibẹ̀. Ẹ má fún aboyún tàbí ọmọdé ní àgbo rẹ̀ mu, ó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Bó bá sì jẹ́ pé orí ọmọ ni làpálàpá ọ̀hún wà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn: ohun tí à ń fi pa á kì í dé ìdí irun, oògùn mímu ló máa ń wò ó.